Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan Láti Èkó: Ibi Tí A Lè Lọ, àti Bí Gbogbo Wa Ó Ṣe Padà Sílé

 

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ọdún yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní etí òkun ni ká lọ, ká lọ gba atẹ́gùn. Àwọn kan ní rárá, Àgbádárìgì ni ká lọ, torí àwọn ọmọ wa ń bá ilé ìwé wọn lọ síbẹ̀, àwa ìyá wọn kò mọ ibẹ̀. Ìyá àgbà kan láti ìsọ̀ aláta wá dìde. Wọ́n ní, "Ọdún kejìlélógójì rèé tí mo ti ń tajà l'Ékòó yìí. Ọ̀nà ilé, ọ̀nà ọjà, ọ̀nà òkú àti ọ̀nà ìyàwó nìkan ni mo mọ̀. Ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ mú mi lọ, àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí omi gbé mi lọ o." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá wa lọ sí etí òkun ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ohun tí ìyá ń sọ.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa yìí, kí kálukú lè kà á, tàbí kí ọmọ kà á sí i létí, kí a tó pàdé láti dìbò. Ibi mẹ́rin ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí: Àgbádárìgì, etí òkun, Abẹ́òkúta àti Ẹ̀pẹ́. Gbogbo wọn ni a lè jí lọ ní àárọ̀, tí a ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Lẹ́yìn náà a ó sọ bí a ó ṣe kó owó rẹ̀ jọ.

ÀGBÁDÁRÌGÌ

Láti Èkó dé Àgbádárìgì jẹ́ bíi kìlómítà 60 sí 70. Mile 2 la ó gbà, ká kọjá Ìyànà Ìbà àti Òkòkòmáìkò, títí a ó fi rékọjá oríta Àgbárá. Lójú ọ̀nà tó já geere, kò yẹ kó gbà tó wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọ̀nà yẹn. Bí a kò bá tíì kúrò ní Mile 2 ní aago mẹ́fà àárọ̀, ká má lọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Erékùṣù lè wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láti Marina dé Mile 2, kí bọ́ọ̀sì wá gbé yín níbẹ̀.

Àwọn Ẹ̀gùn ló ni ìlú náà, Akran sì ni orúkọ oyè ọba wọn. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí náà ẹ̀rù kò gbọdọ̀ ba ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ká ṣe ni pé ká gba amọ̀nà kan ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, ká sì ná owó rẹ̀ tán kí a tó gbé ẹsẹ̀. Ṣé a kì í ra ẹran láìná an? Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Àwọn ohun tí a ó rí níbẹ̀ rèé. Ibi tí igi Agia wà ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere Kristi nílẹ̀ wa ní ọdún 1842. Igi náà ti wó ní 1959, òkúta ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, lẹ́bàá ọ̀sà. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Ẹni tí kò bá tíì rí i rò pé ilé ńlá kan ni. Kò tóbi. Ọ̀pọ̀ ilé tí a ń háyà l'Ékòó ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, kò tíì sí irú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ yóò wá yí padà. Ọjà ni Àgbádárìgì, àmọ́ ènìyàn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọn óò fi ojú ọjà Vlekete hàn wá, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń pàdé láti ná ẹrú. Wọn óò mú wa lọ sí ilé Ṣẹ̀ríkí Williams Abass. Wọ́n kó ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní kékeré lọ sí Brazil, ó padà wá, òun náà sì di ẹni tó ń ta ẹrú. Ilé àhámọ́ tó wà níbẹ̀ ní yàrá 40. Àwọn amọ̀nà ń sọ pé ènìyàn 40 ni wọ́n máa ń há mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ inú ọ̀kan nínú yàrá náà, kí ẹ sì ka iye wa tó lè dúró níbẹ̀. Kí àwa mẹ́wàá tó wọlé, a ó ti máa fara gbún ara. Ní ilé Mobee, wọn óò fi ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ hàn wá, àti irin tí wọ́n fi ń dí ẹnu.

Ohun tó máa ń dun ọlọ́jà jù ni iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Gẹ́gẹ́ bí àwọn amọ̀nà ṣe ń sọ ọ́, agboòrùn kan, ẹrú 40. Ìbọn àgbá ńlá kan, ẹrú 100. Àwa tí a mọ̀ ohun tí à ń pè ní iye owó, tí a lè fi ìdajì wákàtí ná apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan, ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Agboòrùn kan tí òjò méjì yóò fà ya, ogójì ọmọ ènìyàn.

A kò sì gbọdọ̀ bo ọ̀kan mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà máa ń fi orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ta tábà àti iyọ̀ ní Àgbádárìgì, tó fẹ́ Ọba Adélé, tó di alágbára débi pé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lé e kúrò nílùú ní 1856 nítorí pé apá wọn kò ká a. Ṣùgbọ́n òun náà ta ẹrú. Ìyá wa ni, a kò lè sẹ́ ẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ náà, a kò lè sẹ́ ẹ. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní méjèèjì, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń mówó wọlé ni ó yẹ kí ènìyàn tà.

Ìparí rẹ̀ ni ìrìn orí omi. A ó wọ ọkọ̀ rékọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. Láti ibẹ̀ a ó fi ẹsẹ̀ rìn lórí yanrìn lọ sí etí òkun gan-an, ibi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ní wọ́n á mú kí ẹrú mu nínú rẹ̀ kó lè gbàgbé ilé. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tipátipá rìn ín. Ẹ jókòó sí èbúté, a ó mú ìròyìn wá bá yín. Ẹni tó bá sì ń rìn, kó gbé omi dání, torí yanrìn yẹn máa ń gbóná lẹ́sẹ̀ tó bá di ọ̀sán.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo lórí Àgbádárìgì: ẹ má pa òwò pọ̀ mọ́ ìrìn-àjò. A mọ ara wa. Ẹlòmíràn yóò ní níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ìtòsí Sẹ̀mẹ̀, kí òun kúkú ra nǹkan díẹ̀ bọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Bí ọjà ẹnì kan bá ní wàhálà, gbogbo bọ́ọ̀sì ni yóò dúró tì í. Àgbọn tútù, ẹ rà á bó ti wù yín. Ọjà tí òfin kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

ETÍ ÒKUN

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ l'Ékòó mọ Bar Beach. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń lọ nígbà ọdún. Kò sí mọ́. Ó yẹ ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, torí pé ohun náà ló kọ́ wa bí òkun ṣe ń ṣe.

Òkun tiwa máa ń gbé yanrìn láti ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ní gbogbo ọjọ́ ayé. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọ Èkó, wọ́n to òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Òkúta yìí dá yanrìn dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn wá ń kún sí i, apá ìlà-oòrùn tí Bar Beach wà kò rí yanrìn gbà mọ́, omi sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ń ya wọ títì. Ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún láti bíi 2009, tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic, ló wà níbẹ̀ báyìí.

Òkúta kan náà ló jẹ́ kí Tarkwa Bay dákẹ́ jẹ́jẹ́. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta, ìjì omi kì í dé ibẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi fẹ́ràn láti máa kó ọmọ lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan la fi ń débẹ̀, kò sí ọ̀nà mọ́tò. Àwọn etí òkun tó wà ní ọ̀nà Lẹ́kí, bí Elégùshì àti Elékọ̀, mọ́tò lè gbé wa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú òkun gbalasa ni wọ́n wà, kò sí òkúta tó dáàbò bò wọ́n. Iṣẹ́ ọ̀nà ńlá etíkun tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ti yí nǹkan padà ní agbègbè yẹn, nítorí náà kí alága ìrìn-àjò kọ́kọ́ lọ wo ibi tí a fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ kí a tó sanwó.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ìrìn-àjò tí a lọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a kò ní dárúkọ etí òkun náà, ọmọ iṣẹ́ ọ̀kan lára wa lọ fọ ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Kò lúwẹ̀ẹ́, orúnkún ni omi mu ún dé. Ìgbì kan wá, nígbà tó ń padà lọ, ó fa yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ náà ṣubú. Kí a tó pariwo, omi ti gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ lè tó. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fò sínú omi pẹ̀lú ìró àti gèlè, àwa la dì í mú. Àwọn ọmọkùnrin apẹja tó wà nítòsí ló so okùn mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo, tí wọ́n jù ú sí i, tó dì í mú, tí wọ́n fi fà á wá sí èbúté. Ó mu omi púpọ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù, ó yè. Ó ti gba òmìnira báyìí, ó ní ìsọ̀ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́ síbí, àmọ́ ká má dárúkọ òun.

Kí ló fa á? Omi tí ìgbì bá gbé wá sí èbúté gbọ́dọ̀ padà. Kì í gba ojú kan náà padà tí ó gbà wá. Ó máa ń wá ibi kan tó jìn díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá gba ibẹ̀ padà bí odò tó ń ṣàn lọ sínú òkun. Ibi tí omi yẹn ń gbà, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀, nítorí náà ó máa ń dà bí ibi tó rọlẹ̀ jù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ibẹ̀ ló dáa. Ibẹ̀ gan-an ni ikú wà.

Nítorí náà, òfin tiwa nìyí:

Ẹni tí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́, kókósẹ̀ ni omi gbọ́dọ̀ mu ún mọ. Ní ojú òkun gbalasa, orúnkún ti jù. Ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ la fi ń wọn odò.

Bí omi bá fa ènìyàn, kó má bá a jà. Kó má gbìyànjú láti wẹ̀ tààrà padà sí èbúté, torí á rẹ̀ ẹ́, á sì rì. Kó dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́yìn, kó jẹ́ kí omi gbé e, kó na ọwọ́ sókè, kó máa kígbe. Omi yẹn kì í fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀, ó kàn ń gbé e lọ síwájú ni. Ẹni tó bá lè wẹ̀, kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kó máa tọ etí èbúté lọ títí yóò fi kúrò nínú rẹ̀, kó tó kọjú sí ilẹ̀.

Ẹni tó wà lórí ilẹ̀, kó má fò sínú omi láti gba ẹlòmíràn. Ẹni méjì ló máa ń kú báyẹn. Ju nǹkan tó léfòó sí i. Ẹgbẹ́ yóò máa gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì dání, òfìfo, tí a dé pinpin, pẹ̀lú okùn gígùn lẹ́nu. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń ta epo náà ni, kò sí ẹni tí kò ní í.

Kò sí ọmọdé tí yóò wà létí omi láìsí àgbàlagbà tó ń wò ó. Ẹni tó bá ń wo ọmọ, kó má wo fóònù.

Ká má lọ sí òkun láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, omi máa ń ru gan-an nígbà yẹn. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ló dára jù.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi náà kù. Bí a bá wọ ọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay tàbí Gberefu, gbogbo wa ni yóò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Wíwọ̀ ni a wí o, kì í ṣe kí a fi jókòó bí ìrọ̀rí. Ká de okùn rẹ̀. Ẹlòmíràn máa ń ní ó ń ba aṣọ ẹgbẹ́ òun jẹ́. Aṣọ tí omi bá gbé lọ kò ní í rí ẹni tó máa yìn ín. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní iye tó kárí wa, a kò wọ ọ́, bó ti wù kó dínwó tó. Bó bá ní kí ènìyàn mẹ́ta kún un nígbà tí ọkọ̀ ti kún, a ó sọ̀kalẹ̀. Àwa la ń sanwó. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ gbé wa bọ̀, a kò ní rin omi lóru láéláé.

ABẸ́ÒKÚTA

Ẹni tí kò bá fẹ́ rí omi rárá, Abẹ́òkúta wà fún un. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ẹ lọ béèrè àkókò rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì rí i pé àkókò ìpadàbọ̀ bá wa mu. Ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, a ó tún wọ mọ́tò láti ibẹ̀.

Òkè Olúmọ ni gbogbo ènìyàn ń lọ wò. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, tí wọ́n tẹ ìlú wọn dó ní 1830. Inú ihò àpáta náà ni ẹ ó ti rí ojú ibi tí àwọn ìyá wa fi ṣe ọlọ, tí wọ́n ń lọ nǹkan ọbẹ̀ lórí òkúta. Ogun wà níta, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè wà níbẹ̀, wọ́n ṣe é ní 2006. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, torí àkàsọ̀ yẹn kì í ṣe eré fún àgbà.

Ìdí mìíràn wà tí ó fi yẹ kí ọlọ́jà lọ sí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni Ìyá wa Tinúbú ti lo ìyókù ayé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lé e l'Ékòó. Wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ó sì kú ní 1887. Ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ọjà, pẹ̀lú Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ti dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n jókòó sí iwájú ààfin títí wọ́n fi jẹ́ kí Aláké ìgbà náà kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ó padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ ìwé ìtàn. Ẹ dúró sí iwájú ààfin Aké yẹn díẹ̀. Ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí ló ṣe é.

Ìtàn kan tún so Àgbádárìgì mọ́ Abẹ́òkúta. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn títí tó fi dé Èkó, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ náà, tí wọ́n gbé wọn lọ sí Sàró. Ó kàwé, ó di àlùfáà, ó padà gba Àgbádárìgì wọlé ní 1845. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ 1846, ó pàdé Àfàlá ìyá rẹ̀. Ọdún 25 ni ìyá kò fi rí ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá ọmọ nínú ọjà fún ìdajì wákàtí mọ bó ṣe ń rí nínú. Ẹ wá fi ọdún 25 sí i.

Ṣáájú kí a tó padà, a ó yà sí Ìtòkú, ọjà aládìrẹ. Ibẹ̀, ẹ lè ra ọjà. Kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ẹ̀PẸ́

Ẹ̀pẹ́ ni ti ẹni tí kò ní owó púpọ̀, tí kò sì lè fi ọjà sílẹ̀ lọ́kàn. Ọjà Olúwo ni wọ́n ń ta ẹja níbẹ̀, ẹja ọ̀sà tútù tó ń mí. Kọ́ṣọ́kọ́ tó jẹ ọba Èkó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù kejìlá 1851. Ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀pẹ́ fi jẹ́ méjì títí dòní, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́.

Bí ọjọ́ bá ṣì wà, a lè tẹ̀ síwájú sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú láti wo Ẹrẹdò Sùngbọ́, yàrà àti odi amọ̀ tí àwọn àgbà gbẹ́ yí ìlú wọn ká. Gígùn rẹ̀ tó bíi kìlómítà 160, ibi tó jìn jù sì ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́fà. Àwọn ará ibẹ̀ ní obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bílíkísù Sùngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Ibojì tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lọ síbẹ̀ lọ gbàdúrà.

OWÓ ŃKỌ́?

Owó ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa lọ. Kí a má sì yá owó ṣe fàájì. Àjọ ni ká dá. Bí kálukú bá ń dá ₦200 ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń pa ọjà ọjọ́ 26 nínú oṣù, ní oṣù mẹ́fà ó ti di ₦31,200. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, kó dá ₦100, kó sì bá wa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Káàdì àjọ yìí yóò yàtọ̀ sí ti àjọ ọjà, ìwé rẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Akápò yóò ka owó náà létí gbogbo wa ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan.

Bọ́ọ̀sì ni kí a háyà fún lílọ àti bíbọ̀ pọ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a san ìdajì, kí a fi ìdajì dúró títí a ó fi padà délé. Ẹni tó bá san gbogbo owó tán láàárọ̀, dẹ́rẹ́bà lè sọ fún un nírọ̀lẹ́ pé epo ti tán.

Oúnjẹ, ká sè é láti ilé. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀bà tútù kọ́ o, ìrẹsì, ẹran díndín, omi púpọ̀. Bàtà pẹlẹbẹ ni ká wọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kó gbé e dání, kó sì sọ fún ẹni tó jókòó tì í. Góòlù, ẹ fi sílé. Kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì, kí a pè é nígbà tí a bá ń lọ, kí a tún pè é kí a tó padà. Bí orúkọ kan ò bá dáhùn, bọ́ọ̀sì kò ní ṣí.

Ẹ̀RÒ TIWA

Ní tiwa, àwa tí à ń kọ ìwé ìròyìn yìí, a rò pé kí a kọ́kọ́ lọ sí Àgbádárìgì lọ́dún yìí, nígbà tí òjò bá ti dá. Òkun wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn, ìtàn sì wà fún ẹni tó fẹ́ ìtàn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ká gba Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́. Bí ẹ bá dìbò fún Tarkwa Bay, a ó bá yín lọ, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì wa lọ́wọ́.

Ìyá wa ní ìsọ̀ aláta, a ti fi orúkọ yín sí òkè ìwé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ ó jókòó sí. Bí a bá dé èbúté Gberefu, ọmọ iṣẹ́ ìjọ́sí, ẹni tí òkun kò lè gbé lọ, ló ní òun ni yóò de okùn láìfù jákẹ́ẹ̀tì yín fún yín.

Ẹ kú ìmúra ìpàdé o. Kí ẹ tètè dé, a ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin géérégé.